Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọtí Lórúkọ: Wáìnì Pupa Ilẹ̀ Faransé ní Ìlú Bouaké

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí òwe yìí ṣe bá ọmọ ènìyàn mu ni ó bá oúnjẹ àti ọtí mu. Ohun tí à ń mu náà ní ilé tí ó ti wá: igi tí ó so ó, ilẹ̀ tí igi náà ta gbòǹgbò sí, òjò tí ó rọ̀ lé e lórí, àti ọwọ́ tí ó ṣe é. Orílẹ̀-èdè kan wà tí ó ti sọ èrò yìí di òfin ìlú, tí ó sì fi adájọ́ tì í lẹ́yìn. Orílẹ̀-èdè náà ni Faransé. Àwọn orúkọ tí à ń kà lára ìgò wáìnì pupa wọn, bíi Bordeaux, Bourgogne, Beaujolais àti Côtes du Rhône, kì í ṣe orúkọ èso tí wọ́n fi ṣe ọtí náà, wọn kì í sì í ṣe orúkọ ẹni tí ó ṣe é. Orúkọ ilẹ̀ ni wọ́n jẹ́.

Ní Bouaké, ìlú ńlá tí ó wà ní àárín orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, nǹkan bí 350 kìlómítà sí Abidjan, àwọn orúkọ wọ̀nyí kì í ṣe àjèjì. Wọ́n wà lórí àtẹ ní ilé ìtajà, wọ́n sì ń yọjú lórí tábìlì níbi ìgbéyàwó àti níbi òkú. Ilẹ̀ àwọn Baoulé ni ìlú náà wà. Àwọn Júlà oníṣòwò tí wọ́n jẹ́ mùsùlùmí pọ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì jẹ́ fẹnu kan ọtí rárá. Àwọn Yorùbá náà ti wà ní orílẹ̀-èdè náà láti ayé àwọn amúnisìn. Ànàgó ni àwọn onílẹ̀ ń pè wọ́n, Èjìgbò àti àwọn ìlú tí ó yí i ká sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Láàárín àwọn ènìyàn tí èdè àti ẹ̀sìn wọn yàtọ̀ síra báyìí ni wáìnì pupa wá jókòó sí, láìjẹ́ pé ilẹ̀ náà jẹ́ ilẹ̀ àjàrà.

Àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì ní Faransé ń fẹ́ ìgbà òtútù kí ó lè wọ́wé, kí ó sinmi, kí ó tó tún rúwé. Ooru Bouaké kì í fún un ní irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, òkè òkun ni ọtí yìí ní láti ti wá. Ìbéèrè kan sì wà nínú ìtàn wíwá rẹ̀ tí ó ju ti ọkọ̀ ojú omi àti ojú irin lọ. Kí ló dé tí ọtí tí ó ní orúkọ nílé rẹ̀ fi kọ́kọ́ dé Bouaké láìlórúkọ? Kí ló sì dé tí ọtí tí ó bá nílẹ̀ níbẹ̀ kò fi rí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ gbà ní gbogbo ọdún tí àwọn amúnisìn fi ṣàkóso?

Ilẹ̀ àti adùn

Kí ọ̀rọ̀ orúkọ tó lè yé ni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo bí adùn ṣe ń yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí èkejì. Omi inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ èso àjàrà dúdú kò ní àwọ̀. Èèpo èso náà ni ó ń fún wáìnì ní àwọ̀ pupa, nítorí pé wọ́n máa ń jẹ́ kí èèpo wà nínú omi náà fún ọjọ́ púpọ̀ nígbà tí ìwúkàrà bá ń sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí. Láti ara èèpo àti kóró yìí ni ohun kan ti ń jáde tí ó máa ń gbẹ ẹnu, tí ó sì máa ń fún ahọ́n pọ̀, gẹ́gẹ́ bí obì ṣe máa ń ṣe ní ẹnu ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e jẹ. Wáìnì tí ohun yìí pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń pẹ́ kí ó tó rọ̀. Èyí tí kò pọ̀ nínú rẹ̀ ṣeé mu láìpẹ́ ọjọ́.

Ní ìhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Faransé, odò Garonne àti odò Dordogne pàdé, wọ́n di Gironde tí ó ń ṣàn lọ sínú òkun. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ Bordeaux. Ní apá òsì omi náà, ní Médoc, òkúta wẹ́wẹ́ ni ó bo ilẹ̀. Òkúta náà ń gba ooru oòrùn sára, ó sì ń jẹ́ kí omi òjò tètè wọlẹ̀. Èso tí wọ́n ń pè ní Cabernet Sauvignon ni ó fẹ́ràn ibẹ̀ jù. Wáìnì rẹ̀ dúdú, ó le, ó sì ń gbẹ ẹnu nígbà tí ó bá wà ní tuntun, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá dára nínú rẹ̀ lè lo ogún ọdún nínú ìgò kí ó sì máa dùn sí i. Ní apá ọ̀tún, ní Saint-Émilion àti Pomerol, amọ̀ àti òkúta ẹfun ni ó pọ̀ nínú ilẹ̀. Merlot ni ó gbilẹ̀ níbẹ̀, wáìnì rẹ̀ sì rọ̀ ju ti Médoc lọ. Àwọn ará Bordeaux kì í sábà lo èso kan ṣoṣo. Wọ́n máa ń da méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, kí agbára ọ̀kan lè dí àléébù èkejì.

Bourgogne, ní ìhà ìlà-oòrùn, kò rí bẹ́ẹ̀. Pinot Noir nìkan ni wọ́n fi ń ṣe àwọn wáìnì pupa ibẹ̀ tí ó lókìkí jù. Àwọ̀ rẹ̀ kì í ki. Òórùn rẹ̀ ni ó lágbára. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tóóró tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá Dijon, oko kan lè ní orúkọ tirẹ̀, kí oko tí ó bá a pààlà ní orúkọ mìíràn, kí iye owó ọtí wọn sì jìnnà síra gidigidi. Àwọn mọ́ńkì Cîteaux, tí wọ́n dá ilé wọn sílẹ̀ ní 1098, wà lára àwọn tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe àkíyèsí ìyàtọ̀ oko sí oko báyìí, wọ́n sì mọ odi yí oko wọn ní Vougeot ká. Ní 1395, Philippe tí wọ́n ń pè ní Onígboyà, olórí ilẹ̀ Bourgogne, pàṣẹ pé kí wọ́n fa èso Gamay tu, nítorí pé ó ń so púpọ̀ jù, ọtí rẹ̀ kò sì níyì lójú rẹ̀. Gamay rí ilé sí ìhà gúúsù, lórí ilẹ̀ àpáta Beaujolais. Níbẹ̀ ni ó ti di wáìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí òórùn rẹ̀ dà bí ti èso tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já, tí wọ́n ń mu ní tuntun, tí wọ́n sì máa ń mú kí ó tutù díẹ̀ kí wọ́n tó mu ún.

Bí a bá tún sọ̀ kalẹ̀ lọ lẹ́bàá odò Rhône, oòrùn ń mú sí i. Ní ìhà àríwá odò náà, lórí òkè Côte-Rôtie àti Hermitage, Syrah ni wọ́n ń gbìn. Wáìnì rẹ̀ dúdú, ó sì ní òórùn kan tí ẹni tí ó bá mọ iyèré yóò dá mọ̀ kíákíá. Ní ìhà gúúsù, Grenache ni ó borí. Oòrùn ń mú kí ṣúgà pọ̀ nínú èso náà, ọtí rẹ̀ a sì máa le. Ibẹ̀ ni Châteauneuf-du-Pape wà, ìlú kékeré tí orúkọ rẹ̀ ń rán ni létí àwọn póòpù tí wọ́n gbé ní Avignon láti 1309 sí 1377.

Lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀nyí ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ Languedoc tí ó wà ní etí òkun Mẹditaréníà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ojú irin so ibẹ̀ mọ́ Paris àti àwọn ìlú òṣìṣẹ́ ní àríwá, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ gbin èso tí ó ń so wọ̀ǹtìwọnti, bíi Aramon àti Carignan. Wáìnì Aramon kò lágbára, àwọ̀ rẹ̀ kò sì dára tó, ṣùgbọ́n ó pọ̀, kò sì wọ́n. Kò sí ẹni tí ó ń bèèrè orúkọ oko tí ó ti wá. Wáìnì pupa ni wọ́n ń pè é, ó tán. Irú èyí ni ó ṣe pàtàkì jù fún ìtàn Bouaké.

Ìjà tí wọ́n jà nítorí orúkọ

Kì í ṣe pé Faransé jí ní ọjọ́ kan kí ó sì fi orúkọ ilẹ̀ dá ọtí lọ́lá. Ìyà ni ó kọ́ wọn. Láàárín 1860 sí 1870, kòkòrò kékeré kan tí ó ti Amẹ́ríkà wá, tí wọ́n ń pè ní phylloxera, bẹ̀rẹ̀ sí í pa gbòǹgbò àjàrà ní gúúsù Faransé, kò sì pẹ́ tí ó fi tàn ká ibi púpọ̀. Wáìnì wọ́n. Àwọn aláyédèrú gba ọjà: wọ́n ń fi èso gbígbẹ, ṣúgà àti omi ṣe ohun tí wọ́n ń tà ní orúkọ wáìnì. Ní 1889, ìjọba ṣe òfin pé omi èso àjàrà tútù tí ó ti di ọtí nìkan ni ènìyàn lè tà ní orúkọ yẹn. Ní àkókò kan náà, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti kọjá sí Àlùjéríà, tí Faransé ń ṣàkóso nígbà náà, wọ́n sì gbin àjàrà rẹpẹtẹ síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá ọgbọ́n dá sí i, tí wọ́n lọ́ ẹ̀ka àjàrà Faransé mọ́ gbòǹgbò ti Amẹ́ríkà tí kòkòrò náà kò lè pa, wáìnì tún pọ̀ jù. Owó rẹ̀ já wálẹ̀ pátápátá. Ní 1907, àwọn àgbẹ̀ Languedoc dìde, Marcelin Albert ni ó ṣáájú wọn. Ní Montpellier, ní oṣù Kẹfà ọdún náà, èrò tí ó péjọ ju ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ọ̀pọ̀ òpìtàn. Àwọn ṣọ́jà yìnbọn ní Narbonne, ẹ̀mí sì ṣòfò. Àwọn ọmọ ogun kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ ilẹ̀ náà kọ̀ láti gbọ́ àṣẹ ọ̀gá wọn.

Láti inú irú wàhálà yìí ni òfin orúkọ ti jáde. Òfin 1905 dojú kọ ayédèrú. Òfin 1919 jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ lè gbé ẹni tí ó bá jí orúkọ ilẹ̀ wọn lọ sí kóòtù. Ní Châteauneuf-du-Pape, láti 1923, àwọn àgbẹ̀ tí Baron Le Roy ṣáájú wọn ṣe ìlànà lórí ilẹ̀ tí ó yẹ, èso tí ó yẹ àti agbára tí ọtí náà gbọ́dọ̀ ní. Ní 1935, ìjọba gba irú ìlànà bẹ́ẹ̀ wọlé fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ní 1936 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ilẹ̀ ní orúkọ tí òfin dáàbò bò. Láti ìgbà náà, ẹni tí oko rẹ̀ kò bá sí lórí ilẹ̀ kan kò lè fi orúkọ ilẹ̀ náà sí ara ìgò rẹ̀.

Bí wáìnì ṣe dé Bouaké

Ọ̀nà tí wáìnì gbà wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kì í ṣe ọ̀nà mímọ́. Bordeaux tí ó lókìkí fún wáìnì náà kópa nínú òwò ẹrú. Nǹkan bí 500 ìrìnàjò ọkọ̀ ẹrú ni ó ti èbúté rẹ̀ gbéra, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n sì kó rékọjá òkun lé ní 120,000. Wáìnì wà lára ẹrù tí àwọn ọkọ̀ ìlú náà ń gbé lọ sí Saint-Domingue, níbi tí àwọn ẹrú ti ń gbin ìrèké. Nígbà tí òwò ẹrú kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ilé òwò etí òkun Faransé kò kúrò ní Áfíríkà. Maurel et Prom ti Bordeaux fìdí múlẹ̀ ní Sẹ̀nẹ̀gà. Arthur Verdier, oníṣòwò láti La Rochelle, ń tajà ní Grand-Bassam àti Assinie. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Faransé kúrò níbẹ̀ nítorí ogun tí wọ́n bá Jámánì jà ní 1870, òun náà ni ó di aṣojú Faransé ní etíkun náà. Ní 1893, Côte d'Ivoire di ilẹ̀ àkóso Faransé.

Ní 1895, àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lyon gúnlẹ̀ sí Grand-Bassam. Ẹgbẹ́ kan náà ni ó ti dé Èkó ṣáájú ìgbà náà, ní 1868. Wáìnì kò lè ṣe aláìsí nínú ẹrù wọn, nítorí pé òfin ìjọ Kátólíìkì sọ pé wáìnì èso àjàrà nìkan ni a lè lò fún Máàsì. Ẹmu kò lè dípò rẹ̀, bí ó ti wù kí ó mọ́ tó. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá náà bá irú ìṣòro yìí pàdé. Ẹmu wà nílẹ̀, ọtí wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ó yẹ kí ohun tí ó wà nínú Ìwé náà ní orúkọ tirẹ̀. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ àlejò mọ́ ọ̀rọ̀ onílé, wọ́n sì kọ ọtí-wáìnì.

Láti etíkun dé Bouaké, ìbọn ni ó ṣáájú ìgò. Àwọn Faransé ti dá ibùdó ṣọ́jà sílẹ̀ níbẹ̀ kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn Baoulé kò tẹrí ba. Láti 1908, gómìnà Gabriel Angoulvant gbé ogun líle tì wọ́n. Wọ́n gba ìbọn ọwọ́ wọn, wọ́n bu owó ìtanràn lé wọn lórí, wọ́n sì fi tipátipá kó àwọn ènìyàn ṣiṣẹ́. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Abidjan ní 1904 dé Bouaké ní 1912. Ẹrù tí àwọn alágbàrù ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ rù lórí tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí ọkọ̀ ń gbé. Láti ìgbà náà, àgbá wáìnì lè ti èbúté dé àárín ilẹ̀ Baoulé kí ó tó bàjẹ́.

Irú wáìnì wo ni? Àwọn òyìnbó aláṣẹ lè rí owó ra Bordeaux tí ó ní orúkọ, ṣùgbọ́n wáìnì tí ó wà fún gbogbo ènìyàn ni èyí tí kò lórúkọ: ti Languedoc, tí wọ́n máa ń da ti Àlùjéríà mọ́ kí àwọ̀ àti agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Ogun Àgbáyé Kìíní sì mú kí irú wáìnì yìí gbilẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun náà, ìdámẹ́rin lítà ni wọ́n ń pín fún ṣọ́jà Faransé kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Nígbà tí ó yá, ó di ìdajì lítà. Pinard ni àwọn ṣọ́jà ń pè é. Àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Faransé kó wọṣẹ́ ogun nígbà náà lé ní 160,000, ọmọ Côte d'Ivoire sì wà lára wọn. Ọtí tí àwọn tí ó bá fẹ́ nínú wọn bá pàdé ní ibùdó ogun kò ní ilé, kò ní ìdílé. Àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni orúkọ rẹ̀.

Ọtí tí ó bá nílẹ̀

Bouaké kò wà láìní ọtí kí wáìnì tó dé. Bandji ni orúkọ tí gbogbo Côte d'Ivoire fi ń pe ẹmu lónìí. Ọ̀rọ̀ náà ti èdè Mandé wá, níbi tí ban ti túmọ̀ sí igi ògùrọ̀, tí ji sì túmọ̀ sí omi. Omi ògùrọ̀ ni bandji, ṣùgbọ́n ohun tí orúkọ náà ń tọ́ka sí ti gbòòrò kọjá igi kan. Ilẹ̀ Baoulé wà ní ibi tí igbó kìjikìji ti pàdé ọ̀dàn, nítorí náà igi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń mú ọtí wá: ọ̀pẹ, ògùrọ̀, àti igi ọ̀dàn gíga kan tí ó jọ ọ̀pẹ, tí àwọn Faransé ń pè ní rônier, tí ó pọ̀ ní agbègbè Toumodi. Adùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò rí bákan náà. Ọ̀pọ̀ adẹ́mu Baoulé máa ń gé ọ̀pẹ lulẹ̀ kí wọ́n tó dá ẹmu rẹ̀, nígbà tí adẹ́mu Yorùbá máa ń fi igbà gun orí ọ̀pẹ tí ó wà ní ìdúró. Ìyàtọ̀ ọwọ́ yìí náà ń hàn lẹ́nu.

Yorùbá kò jẹ́ pe ògùrọ̀ ní ẹmu ọ̀pẹ láìjẹ́ pé ó fẹ́ tan ẹni tí ó ń rà á jẹ. Ẹmu òwúrọ̀ kì í ṣe ẹmu ìrọ̀lẹ́. Ẹmu tí a bu omi là ní orúkọ ìtìjú tirẹ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀mu. Gbogbo ìmọ̀ tí àwọn ará Bourgogne ní nípa oko ni àwọn adẹ́mu ní nípa igi àti wákàtí. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ìmọ̀ ti àkọ́kọ́ wà nínú ìwé òfin, ti èkejì sì wà nínú akèrègbè.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe àwọn amúnisìn nìkan ni ó fa ìyàtọ̀ yìí. Ẹmu fúnra rẹ̀ kì í dúró. Ó ti ń di ọtí kí adẹ́mu tó sọ̀ kalẹ̀, bí ọjọ́ kan bá sì kọjá, ó ti ń kan lọ. Wáìnì pupa ní ọtí tí ó tó ìdá méjìlá sí mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún, ó ní kíkan tirẹ̀ tí ó ń dáàbò bò ó, ó sì ní ohun tí ó ti ara èèpo wá. Nítorí náà ni ó ṣe lè gun ọkọ̀ ojú omi fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ọtí tí kò lè rìnrìn àjò kò nílò orúkọ fún àlejò, nítorí pé gbogbo àwọn tí ó ń mu ún ni ó mọ ilé ẹni tí ó dá a.

Ṣùgbọ́n ọtí kan wà tí ó lè rìnrìn àjò: èyí tí wọ́n ń sè láti ara ẹmu, tí wọ́n ń pè ní koutoukou ní Côte d'Ivoire, tí ó jẹ́ ìbátan ògógóró ti Nàìjíríà. Ibí yìí ni òfin ti wọlé. Ní oṣù Kẹsàn-án 1919, àwọn ìjọba amúnisìn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Saint-Germain-en-Laye lórí ọtí ní Áfíríkà. Àdéhùn náà fòfin de ọtí líle olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kó wọlé fún òwò, ó sì tún fòfin de sísè ọtí líle ní ilẹ̀ tí ó kàn. Ìdí tí wọ́n sọ ni ire àwọn ọmọ Áfíríkà, òtítọ́ sì ni pé ọtí líle ń ṣe jàǹbá. Àmọ́ wáìnì kò sí nínú ohun tí wọ́n dè. Àgbá Languedoc ń wọ Bouaké ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ẹni tí ó ń se koutoukou ń sá wọ inú igbó. Ọtí tí ọlọ́pàá ń lé kì í ní orúkọ lára ìgò. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tí ó lè ṣe ìlànà fún un, kí ó sọ èyí tí ó mọ́ yàtọ̀ sí èyí tí ó lè pa ènìyàn.

Àwọn Yorùbá náà mọ ìtàn yìí ní ìhà méjèèjì. Àdéhùn ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1889 fi Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ sí ọwọ́ Faransé, ó fi Èkó àti Abẹ́òkúta sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìhà kan, jíìnì àti ṣìnápù inú ìgò onígun mẹ́rin ni ó wọ inú ètùtù àti ìdána. Ní ìhà kejì, wáìnì pupa wọ inú àsè. Ahọ́n kan náà ni, ọjà ni ó pín in.

Lẹ́yìn òmìnira

Nígbà tí Côte d'Ivoire gba òmìnira ní ọjọ́ keje oṣù Kẹjọ 1960, wáìnì kò bá àwọn aláṣẹ rẹ̀ lọ. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn mọ́ńkì láti Toumliline ní Mòrókò dá ilé sílẹ̀ ní Bouaké. Ní 1962, Àlùjéríà gba òmìnira tirẹ̀, ọ̀nà tí wáìnì rẹ̀ fi ń wọ inú àgbá Faransé sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Láàárín àwọn tí owó kòkó àti kọfí sọ di ọlọ́rọ̀, ìgò tí ó ní orúkọ Bordeaux di àmì ipò. Ohun tí àwọn aláṣẹ amúnisìn ń mu láàárín ara wọn ni àwọn ọmọ onílẹ̀ wá ń fi ṣe àlejò.

Ìgò náà kò sì dá dúró lọ́wọ́ ìṣèlú. Ní oṣù Kìíní 1994, wọ́n dín iye owó CFA kù. Fráǹkì Faransé kan tí ó jẹ́ 50 CFA di 100 CFA láàárín ọjọ́ kan, owó tí oníṣòwò Bouaké ní láti san fún wáìnì láti Faransé sì di ìlọ́po méjì. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹsàn-án 2002, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, Bouaké di olú-ìlú àwọn ọlọ̀tẹ̀, orílẹ̀-èdè náà sì pín sí méjì. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà kan ní oṣù Kẹta 2007. Ní oṣù Keje ọdún náà, wọ́n dáná sun ìbọn ní gbangba ní Bouaké. Ní gbogbo àkókò tí ọ̀nà Abidjan le yẹn, adẹ́mu abúlé kò nílò ìwé àṣẹ kankan láti gbé bandji rẹ̀ wọ ìlú.

Àyípadà mìíràn tún wà tí ó yẹ fún àkíyèsí. Ilé iṣẹ́ Castel, tí ìdílé kan dá sílẹ̀ ní Bordeaux ní 1949 láti máa ta wáìnì, ra ilé iṣẹ́ bíà BGI ní 1990, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń pọn bíà jù ní Áfíríkà. Solibra, tí ó ń pọn bíà ní Côte d'Ivoire, wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ wáìnì sílẹ̀ ní Bouaké tí ó sì ní bíà ni òun fẹ́, ó ṣeé ṣe kí owó rẹ̀ ṣì gba ọ̀nà Bordeaux lọ.

Ohun tí ó wà nílẹ̀ láti ṣe

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí kì í ṣe pé kí Bouaké lé wáìnì lọ. Ọtí tí ó dára, ó dára. Ẹni tí ó bá fi Beaujolais tútù jẹ kedjenou adìyẹ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn àgbẹ̀ Faransé kò rí orúkọ gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Kòkòrò pa oko wọn, ayédèrú gba ọjà wọn, ìbọn pa ènìyàn wọn, kí ìjọba wọn tó gbà pé orúkọ ilẹ̀ jẹ́ ohun ìní tí ó yẹ kí òfin ṣọ́.

Ọ̀nà irú rẹ̀ ti ṣí ní Áfíríkà báyìí. Àjọ OAPI, tí Côte d'Ivoire, Benin àti Togo wà nínú rẹ̀, fún ata Penja àti oyin funfun Oku ti Kamẹrúùnù pẹ̀lú kọfí Ziama-Macenta ti Gínì ní orúkọ ilẹ̀ tí òfin dáàbò bò ní 2013. Ní oṣù Kejìlá 2024, UNESCO kọ ìmọ̀ ṣíṣe attiéké ti Côte d'Ivoire sínú ìwé ohun àjogúnbá aráyé. Gbágùúdá tí àwọn obìnrin ń rin, tí wọ́n ń sè, tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ìmọ̀ tẹ́lẹ̀, ti di ohun tí ayé mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹmu àti bandji kò tíì pẹ́ jù. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí àwọn onímọ̀ èdè àti àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn jọ ṣe ni ohun tí àwọn mọ́ńkì Cîteaux ṣe: kí wọ́n jókòó ti àwọn adẹ́mu ní Bouaké, ní Toumodi, ní Kétu àti ní Èjìgbò, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ igi, orúkọ abúlé, orúkọ wákàtí, orúkọ adùn tí ó dára àti ti èyí tí ó ti bàjẹ́. Àwọn àgbà tí wọ́n mọ̀ ọ́n ń dín kù, àwọn ọ̀dọ́ kò sì fẹ́ fi igbà gun ọ̀pẹ mọ́. Òfin kò lè dáàbò bo orúkọ tí kò sí ẹni tí ó rántí rẹ̀ mọ́.